Jíà Ọkọ̀ Morákinyọ̀

"Jíà ọkọ mi ló wà nínú ọkọ̀ yẹn! Ìwọ Tinúọlá, sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀. Jíà Morákinyọ̀ ni bàbá ẹ fi ń rìn títí tó fi kú. Nígbà tí wọ́n ń tú ọkọ̀ tiwa, ta ló gbọ́ igbe mi? Ó wá kan tiyín, ẹ ní wọn ò gbọdọ̀ tú u."

Àbẹ̀ní, opó Morákinyọ̀, ló ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ti dé ojú títì. Inú ọgbà ilé olóògbé Akínbọ̀dé ní Ìlúpéjú ni wọ́n wà, láàárọ̀ Sátidé. Òkú ṣì wà ní mọ́ṣúárì, ìsìnkú ku ọ̀sẹ̀ kan. Tinúọlá tí wọ́n ń bá wí, ọmọ kan ṣoṣo tí Akínbọ̀dé fi sáyé lọ, jókòó sídìí sítíárìn MG pupa bàbá rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé ìgúnpá lé e, ó ń wo iwájú bí ẹni tó ń retí èrò.

"Màmá Láyí, mo gbọ́," ó ní. "Ẹ bínú títí ilẹ̀ á fi ṣú, mi ò ní dá yín lẹ́kun. Ṣùgbọ́n wọn ò ní tú ọkọ̀ mi."

"Ọkọ̀ ta?"

"Ọkọ̀ mi."

Àbẹ̀ní yíjú sí àwọn ọkùnrin tó dúró lábẹ́ igi máńgòrò. "Ẹ ti gbọ́. Bàbá ò tíì wọlẹ̀, ọkọ̀ ti ní olówó tuntun."

Àwọn ọkùnrin náà, méjì ni wọ́n. Súnkànmí ni ààrẹ ẹgbẹ́, awọnlẹ̀ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì sí Ìkọ̀lé, tó tún ń ka Bíbélì fún ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Èkejì ni Ọdúnayọ̀, àgbẹ̀ kòkó láti Òmù, òun ló kéré jù nínú ẹgbẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ti ní ọmọ-ọmọ. Súnkànmí dé fìlà pẹlẹbẹ tí ẹgbẹ́ máa ń dé. Ọdúnayọ̀ gbé òòlù tí wọ́n fi bàbà rọ lọ́wọ́, ó fi aṣọ funfun wé e bí ọmọ àṣẹ̀ṣẹ̀bí.

Ẹgbẹ́ Ọlọ́kọ̀ Asáré Àtijọ́ ti Àríwá Èkìtì ni wọ́n ń pe ara wọn. Kí orúkọ náà má dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. MG àti Triumph kéékèèké ni ọkọ̀ wọn, èyí tí àwọn òyìnbó olùkọ́ àti ẹnjiníà fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń padà sí ìlú wọn: ìjókòó méjì, ilẹ̀kùn méjì, òrùlé aṣọ tí wọ́n ń ká sẹ́yìn bí ẹni ká ẹní. Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, wọn a tò tẹ̀lé ara wọn láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́, láti Ọ̀yẹ́ dé Ìdó, fìlà lórí, síkáàfù lọ́rùn nínú oòrùn, wọn a máa yẹ kòtò bí ẹni ń yẹ ẹ̀gún. Asáré ni wọ́n pe ọkọ̀, ọ̀kadà tó ru àpò gbáàgúdá sì ń yà wọ́n sílẹ̀ lọ. Kò kàn wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ bá rí ojú Akínbọ̀dé nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ń gbé ohùn lọ sókè lórí òkè Ìtapá, ẹ ò ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Ohun tó ń bá wọn fínra ni ẹ̀yà ara ọkọ̀. Wọn ò ṣe é mọ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, èyí tó ṣẹ́kù lókè òkun kì í sì í tètè dé Èkìtì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣòfin pé bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, ọkọ̀ rẹ̀ ò gbọdọ̀ di ogún, kò sì gbọdọ̀ di títà. Wọn á tú u ṣáájú ìsìnkú, wọn á pín in sára àwọn ọkọ̀ tó kù, kó lè jẹ́ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń tẹ̀lé pósí lọ, ara ọkọ̀ olóògbé náà ń sin ín lọ síbojì.

Àkọ́bí olóògbé ló sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ àwọn ọkọ̀ yẹn dà bíi ti kẹ̀kẹ́, sípóòkì ló kún inú rẹ̀. Nọ́ọ̀tì ńlá kan ṣoṣo, elétí méjì, ló dè é mọ́ àárín, òòlù ni wọ́n sì fi ń lu etí rẹ̀ kó tó tú. Títí àkọ́bí yóò fi lu nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ iwájú kó yí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi sípánà kan ọkọ̀ náà. Ohun tó jẹ́ kí Tinúọlá lè jókòó jẹ́ẹ́ sínú ọkọ̀ nìyẹn, kí àwọn àgbà ọkùnrin sì dúró sábẹ́ máńgòrò bí ẹni tí òjò ká mọ́.

"Tinúọlá ọmọ mi," Súnkànmí bẹ̀rẹ̀, ohùn tó fi ń ka ẹ̀kọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì ló fi sọ ọ́, "ó dun gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí awakọ̀ rẹ̀ bá ti kú..."

"Awakọ̀ rẹ̀ ò kú, Ààrẹ. Èmi rè é."

"Bàbá ẹ ni mò ń sọ."

"Èmi ni mò ń sọ ní tèmi. Láti ìgbà tí ojú bàbá mi ti ṣú, ta ló ń wa ọkọ̀ yìí? Nígbà tí ẹ lọ bá wọn ṣe ìkórè ní Ìyè, ta ló wà ní sítíárìn? Áńgẹ́lì ni? Ẹ̀yin gan-an lẹ juwọ́ sí mi."

"Ọkọ̀ la juwọ́ sí."

"Ọkọ̀ kí yín padà nígbà náà. Ẹ ṣeun."

Ọdúnayọ̀ wúkọ́ sínú ọwọ́. Súnkànmí bojú wò ó, ikọ́ náà sì lọ.

Òótọ́ ni Tinúọlá ń sọ. Apá ọ̀tún ni sítíárìn ọkọ̀ yẹn wà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílùú tí wọ́n ti gbé e wá. Lójú títì tiwa, ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ni awakọ̀ rẹ̀ máa ń wà. Bí tírélà bá wà níwájú, kò lè rí ẹni tó ń bọ̀. Ẹni tó jókòó sọ́wọ́ òsì ló ń ríran fún un. Láti kékeré ni Tinúọlá ti ń jókòó síbẹ̀, tó ń na ọrùn síta, tó ń wí pé, "Bàbá, ó mọ́," tàbí, "Bàbá, ọkọ̀ ń bọ̀." Ẹ̀mí àwọn méjèèjì, ẹnu ọmọdé ló wà. Nígbà tí ojú Akínbọ̀dé wá kú tán, wọ́n pààrọ̀ ìjókòó. Tinúọlá ń wakọ̀, bàbá jókòó sósì, kò rí nǹkan kan, ó sì ń na ọrùn síta, ó ń wí pé, "Ó mọ́, máa lọ." Tinúọlá a ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá," a sì rọra dúró sẹ́yìn tírélà títí yóò fi yà fúnra rẹ̀. Bàbá náà kú láìmọ̀.

"Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀," Tinúọlá ní. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n wọ ẹgbẹ́. Ọkọ̀ ò ní kúrò lọ́dọ̀ yín. Ní Sátidé tí ẹ bá ń jáde, màá jáde. Ẹni tó bá kú, màá tẹ̀lé e lọ síbojì. Kó ṣáà wà lódindi."

"Kò sí obìnrin nínú ẹgbẹ́."

"Ta ló ń se ìrẹsì tí ẹ̀ ń jẹ lẹ́yìn ìpàdé?"

"Ìyẹn ìrẹsì. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ là ń sọ."

"Ààrẹ, ọjọ́ tí bíréèkì yín já ní Ọ̀yẹ́, ta ló fi ọkọ̀ yìí dènà yín kí ẹ má baà wọ inú ọjà lọ? Ìrẹsì náà ni?"

Súnkànmí bẹ̀rẹ̀ sí í tún síkáàfù ọrùn rẹ̀ ṣe. Gbogbo ìlú ló mọ ìtàn bíréèkì yẹn, òun nìkan ni kì í sọ ọ́.

Nígbà yẹn ni Àbẹ̀ní rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Kò pariwo mọ́. Ó gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn ọwọ́ òsì, síbi tí bàbá afọ́jú máa ń jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè bá ti Tinúọlá dọ́gba.

"Láyí náà jókòó sósì rí," ó ní.

Tinúọlá yíjú wo ìjókòó òsì náà.

"Ọkọ̀ tiwa, àwọ̀ ewé ni. Láyí ni àkọ́bí mi, ibi tí o jókòó sí fún bàbá ẹ náà ló jókòó sí fún tiẹ̀. Òun ló máa ń sọ fún Morákinyọ̀ pé ó mọ́, kò mọ́. Nígbà tí Morákinyọ̀ kú, Láyí dọ̀bálẹ̀ fún ẹgbẹ́ nínú ọgbà ulé mi. Ó ní kí wọ́n fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún òun, òun á máa wà á, òun ò ní gbé e kúrò lÉkìtì. Gbólóhùn tó o sọ lónìí gẹ́lẹ́ ló sọ. Gbogbo wọn dákẹ́. Ṣé o mọ ẹni tó dìde?"

"Mi ò sí ńbẹ̀, Màmá. Ìyè ni mo wà lọ́jọ́ yẹn, lẹ́nu iṣẹ́."

"Bàbá ẹ ló dìde. Ó ní bí wọ́n bá fi ọ̀kan sílẹ̀, wọ́n ti fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn. Ó ní kí Láyí mú òòlù. Láyí ò mú un. Bàbá ẹ wá di ọwọ́ ọmọ mi mú, ó ki òòlù bọ̀ ọ́, ó fi ọwọ́ tiẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀, àwọn méjèèjì wá jọ lù ú. Ọkùnrin tó ti níyàwó nílé. Wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní ABD. Kí oòrùn tó wọ̀, jíà ti dé Ìlúpéjú níbí."

Atẹ́gùn fẹ́, ewé máńgòrò kan já bọ́ sórí òrùlé aṣọ. Kò sẹ́ni tó gbọ̀n ọ́n dànù.

"Bí wọ́n ti sin bàbá rẹ̀ tán, ó gba Èkó lọ. Kò tíì sùn ní ulé mi láti ìgbà náà. Bó bá wá wò mí, òtẹ́ẹ̀lì kan tó jìnnà sí títì ní Ọ̀yẹ́ ló ń sùn. Mo bi í pé kí ni mo ṣe. Ó ní n kò ṣe nǹkan kan. Ó ní bí òun bá sùn nílé tí ọkọ̀ ẹgbẹ́ ń kọjá, òun á gbọ́ jíà bàbá òun."

Tinúọlá gbójú kúrò lára obìnrin náà. "Bùọ̀dá Ọdúnayọ̀," ó pè, "ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?"

Ọdúnayọ̀ wo aṣọ funfun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ló rí. Gbogbo wa la wà ńbẹ̀. Èmi ni mo gba kábúrétọ̀ rẹ̀. Òun ló ṣì wà nínú tèmi títí dòní."

"Kí ló dé tí bàbá mi ò sọ ọ́ rí?"

"Kí ló fẹ́ sọ?" Àbẹ̀ní dáhùn. "Ọkọ̀ rẹ̀ ń rìn."

Tinúọlá gbé ọwọ́ lé orí jíà. Jíà kejì ọkọ̀ yẹn máa ń le. Bó bá ti fẹ́ kọ̀, Akínbọ̀dé a rẹ́rìn-ín, a ní Morákinyọ̀ ló ń ṣagídí, kí wọ́n bẹ̀ ẹ́ dáadáa. Tinúọlá náà ti bá a rẹ́rìn-ín lọ láti Ìlúpéjú dé Ìkọ̀lé. Ó tì í síbi kejì báyìí, ẹ́ńjìnnì ò sì ṣiṣẹ́. Ó le díẹ̀, ó wọlé. Ó fà á padà, ó gbé ọwọ́ kúrò.

"Kí lẹ fẹ́, Màmá?" ó béèrè. "Ẹ sọ ọ́ fún mi."

"Mi ò fẹ́ nǹkan kan. Irin ni. Ṣé kí n fi se ọbẹ̀ ni? Mo fẹ́ kí wọ́n ṣe é fún ìwọ náà bí wọ́n ṣe ṣe é fún ọmọ mi. Mo fẹ́ mọ̀ pé òfin ni. Bí kò bá jẹ́ òfin, a jẹ́ pé ọmọ tèmi nìkan ni wọ́n rẹ́ jẹ."

Súnkànmí rí àyè. Ọkùnrin yẹn, bí ilẹ̀kùn bá ṣí díẹ̀ báyìí, yóò ti ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ó sún mọ́ ọkọ̀, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Kì í ṣe pé ọmọ olóògbé ń lọ lọ́wọ́ òfo, Tinúọlá. Ẹni tó bá lu òòlù ló ń yan ẹ̀yà àkọ́kọ́. Ohun tó bá dárúkọ, ibi tó bá ní kó lọ, ibẹ̀ náà ló ń lọ. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jà á níyàn. Mú sítíárìn. Gbé e kọ́ pálọ̀, kó o máa rí i, kó o máa rántí bàbá ẹ."

"Kí ni Láyí yàn?"

"Láyí ò yan nǹkan kan," Àbẹ̀ní ní. "Ó sọ òòlù sílẹ̀ ló lọ."

Tinúọlá ṣílẹ̀kùn, ó sọ̀kalẹ̀. Síkẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀ ti rún láti ibi tó ti jókòó láti àárọ̀. "Ohunkóhun tí mo bá dárúkọ?"

"Ohunkóhun."

"Ibikíbi?"

"Ibikíbi, ọmọ mi. Ó wà nínú òfin. Bàbá ẹ ló kọ ọ́."

"Ó dáa. Jíà ni mo mú. Kí wọ́n gbé e lọ fún Láyí ọmọ Morákinyọ̀, ní Èkó."

Súnkànmí ṣí fìlà. MG tirẹ̀ ti wà lórí búlọ́ọ̀kù ní Ìkọ̀lé láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò, jíà ló sì ń retí. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nínú ọgbà náà. Ọkọ̀ akẹ́rù tó fẹ́ fi gbé e wà níta níwájú géètì, okùn tó fẹ́ fi dì í wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin náà ti fọ ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù náà mọ́ tónítóní kó tó kúrò nílé.

"Láyí ò ní ọkọ̀ tó máa fi sí," ó ní.

"Mo mọ̀."

"Ìpẹtà ló máa pa jíà yẹn nínú yàrá kan ní Èkó."

"Kó pa á."

"Ọkọ̀ méjì lo fẹ́ pa lẹ́ẹ̀kan náà, tìẹ àti tèmi."

"Òfin ni, Ààrẹ."

Súnkànmí wo Ọdúnayọ̀, Ọdúnayọ̀ wo orí igi. Súnkànmí wá fa Tinúọlá sẹ́yìn ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò jìnnà tó, gbogbo wọn ló gbọ́ ohun tó sọ.

"Fetí sílẹ̀. Òfin, àwa ènìyàn la ṣe é. Bí a bá tún un ṣe, ọ̀run ò ní wó. Jẹ́ kí ọkọ̀ wà lódindi bó o ṣe wí. Wọ ẹgbẹ́. Èmi ni ààrẹ, mo ti fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ìwọ ni wàá ṣíwájú gbogbo wa, nínú ọkọ̀ bàbá ẹ. Jíà á ṣì wà láàárín ẹgbẹ́. Bó bá dọ̀la, a ó jọ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ bí ọmọ ìyá."

Gbogbo ohun tí Tinúọlá bẹ̀bẹ̀ fún láàárọ̀ yẹn ló kó fún un, ó sì fi èénì sí i.

Tinúọlá wo ọkọ̀ náà. Awọ ìjókòó ọwọ́ òsì ti jìn wọlé níbi tí ìdí bàbá rẹ̀ máa ń wà. Àmì ìka rẹ̀ wà lókè ilẹ̀kùn, níbi tó máa ń dì mú nígbà tó bá ń na ọrùn láti wo ojú títì tí kò rí. Ọ̀dà ti ṣí lójú ibẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́, ó ń wo ojú ibẹ̀, Súnkànmí sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí ọjà rẹ̀ ti tà.

Àbẹ̀ní tún ìró rẹ̀ ró. Kò bú ẹnikẹ́ni. "Mo ti mọ̀," ó ní. "Ẹ kú ìpàdé." Ó kọjú sí géètì, ó ń lọ.

"Màmá, ẹ dúró."

Àbẹ̀ní dúró, ṣùgbọ́n kò yíjú padà.

Tinúọlá lọ bá Ọdúnayọ̀, ó tú aṣọ funfun náà, ó sì gba òòlù. Ó kúnlẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ ọkọ̀, lápá ibi tí bàbá rẹ̀ máa ń jókòó.

"Tinúọlá," Súnkànmí ní, "mo ní a ti gbà fún ẹ. Ọkọ̀ ti di tìẹ. Kí lo tún ń wá?"

"Etí tòkè," Ọdúnayọ̀ sọ jẹ́jẹ́. "Síwájú ni kó o lù ú sí."

Ó lù ú. Ìró náà la gbogbo ọgbà já, nọ́ọ̀tì ò sì mira. Òun fúnra rẹ̀ ló dè é kẹ́yìn, bàbá rẹ̀ dúró tì í nígbà náà, ó ń ní kó tún lù ú sí i, kò tíì le tó. Ó tún lù ú. Ìpẹtà díẹ̀ já bọ́ sílẹ̀. Súnkànmí ń pè é lórúkọ, ó ń pè é ní ọmọ mi, ó ń pè é ní ọmọ ẹgbẹ́. Àbẹ̀ní ti yíjú padà, ó sì ti ń rìn bọ̀, ó wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́.

Tinúọlá nu àtẹ́lẹwọ́ sára síkẹ́ẹ̀tì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé òòlù náà sókè, ó lù ú mọ́ etí nọ́ọ̀tì, nọ́ọ̀tì náà sì yí.